Kámẹ́rà Náà Kò Ya Àwòrán Ooru

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú, nítorí pé àwa tí a jọ ń jà fún èdè Yorùbá gan-an ni mo fẹ́ bá wí. Àwọn tí ń sọ pé Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ físíìsì wà lọ́kàn mi pẹ̀lú, n óò sì kàn wọ́n kí n tó dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tún inú ilé ṣe.

Kámẹ́rà kan wà tí àwọn panápaná, àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná àti àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ń lò káàkiri ayé. Bí a bá kọjú rẹ̀ sí nǹkan, yóò gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère jáde: ibi tí ó gbóná yóò pọ́n tàbí kí ó funfun, ibi tí ó tutù yóò ṣú bí aró. Bí ẹ bá fi igi gbo igi níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tí ẹ sì yà wọ́n kúrò lára ara wọn, ẹ ó rí i tí ojú ibi tí wọ́n ti fara kanra yóò máa tàn lójú àwòrán náà. Òun ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní thermal camera. Bí a bá ní kí olùtumọ̀ kan fún un ní orúkọ Yorùbá, èyí tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu ni "ẹ̀rọ ayàwòrán ooru". Ó dùn létí. Ó rọrùn láti pè. Irọ́ sì ni.

Mo ní irọ́ ni, n kò sì ní yí ohùn padà. Kámẹ́rà náà kò ya àwòrán ooru, kò sì rí ooru rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń rí, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú tiwa kò lè rí, tí ó ń ti ara nǹkan jáde. Láti inú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni ó ti ń ṣírò bí ojú nǹkan náà yóò ti gbóná tó. Láàárín ohun tí ó rí àti ooru tí a fẹ́ mọ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà, àṣìṣe sì lè wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti kọ́ pé "ayàwòrán ooru" ni kò ní béèrè nípa ọ̀kan kan nínú wọn, nítorí pé orúkọ náà ti dá a lóhùn kí ó tó la ẹnu. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó wo ilé kámẹ́rà yìí kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀rọ̀ tiwa. Yorùbá ní ooru, ó sì ní ìgbóná. Omi ife kan tí ń hó àti omi garawa kan tí ń hó, ìgbóná wọn dọ́gba: nǹkan bí 100°C ni tẹmómítà yóò kà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi igi dáná sí abẹ́ wọn mọ̀ pé igi tí garawa jẹ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ife jẹ. Ìgbóná ni bí nǹkan ti gbóná sí. Ooru ni agbára tí ó wọlé tàbí tí ó jáde nítorí pé ìgbóná ibì kan ju ti ibòmíràn lọ. (Mo mọ̀ pé àwọn àgbà yóò rẹ́rìn-ín, pé ìgbóná ní ìtumọ̀ mìíràn láyé àtijọ́, pé a kì í sì í dédé pe orúkọ àrùn yẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kéde ní 1980 pé ṣọ̀pọ̀nná ti kúrò láyé. Ẹ jẹ́ kí á gba ọ̀rọ̀ wa padà.)

Ọ̀rọ̀ kejì ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní friction. Ìfaragbora ni n óò máa pè é nínú àròkọ yìí, èyí ni pé kí nǹkan fi ara gbo ara nǹkan mìíràn. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju èyí lọ, kí ó mú un wá, n kò ní bá a jà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí kò ṣàjèjì sí ilé Yorùbá kankan. Orúkọ ìṣáná fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ṣíṣá ni a ń ṣá iná. Ẹni tí ó bá gbé èlùbọ́ lọ sí ibi ẹ̀rọ mọ̀ pé ó ń gbóná bí ó ti ń jáde, bẹ́ẹ̀ ẹnì kan kò dáná sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí okùn ìfami ti sáré gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá, tí garawa sì wúwo nínú kànga, ó mọ ooru ìfaragbora ju ẹni tí ó kà á nínú ìwé lọ.

Níbo ni ooru yẹn ti ń wá? Ìbéèrè yìí ni Benjamin Thompson, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Count Rumford, gbé síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1798. Ọmọ Massachusetts ni, ṣùgbọ́n ìjọba Bavaria ni ó ń ṣiṣẹ́ fún, ní ìlú Munich ní Jámánì. Ibẹ̀ ni ó ti ń bójú tó iṣẹ́ lílu ihò sínú àwọn ìbọn àgbá. Ó rí i pé irin tí wọ́n ń lu gbóná kọjá àlà. Ó wá mú irin ìlu tí ó kú, kí ó má baà gé nǹkan púpọ̀, ó ti ara àgbá náà bọ inú àpótí tí ó kún fún omi, ó sì ní kí àwọn ẹṣin máa yí i. Lẹ́yìn wákàtí méjì àti ààbọ̀, omi náà hó. Ẹnu ya àwọn tí ó wà níbẹ̀: omi rẹpẹtẹ hó láìsí iná! Rumford fi èyí já irọ́ àwọn tí wọ́n gbà pé ooru jẹ́ nǹkan olómi kan tí ó sá pamọ́ sínú irin. Bí ó bá jẹ́ pé ó sá pamọ́ ni, yóò tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹṣin bá ṣì ń yí i, ooru kò ní tán.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni James Joule ní Manchester, ní àwọn ọdún 1840, fi òkúta ìwọ̀n tí ń sọ̀ kalẹ̀ yí abẹ̀bẹ̀ nínú omi, ó sì rí iye iṣẹ́ tí ó lè mú omi gbóná sí i. Lónìí a mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kí omi kílógíráàmù kan fi ìwọ̀n kan gbóná sí i lórí Celsius, Joule tí ó tó nǹkan bí 4,190 ni a ó ná sí i.

Ẹ kíyè sí ohun tí àwọn méjèèjì ṣe. Wọ́n mọ iye omi. Wọ́n ti tẹmómítà bọ inú rẹ̀. Wọ́n mọ bí ó ti pẹ́ tó tàbí bí òkúta ti sọ̀ kalẹ̀ tó. Wíwọn ooru nìyẹn. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó dúró lókèèrè, tí ó wo ojú irin, tí ó ní "mo ti rí ooru".

Ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà wa ń rí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1800, William Herschel, awòràwọ̀ tí ó ń gbé ní Slough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gíláàsì onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè, ó sì ń gbé tẹmómítà sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó gbé e kọjá pupa, sí ibi tí ojú kò ti rí nǹkan kan, tẹmómítà tún ròkè sí i. Ìmọ́lẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí ojú kò rí. Èyí ni mo fi fara mọ́ àwọn tí ń pè é ní ìtànṣán ìsàlẹ̀-pupa. Orúkọ gidi nìyẹn, nítorí pé ó sọ ibi tí nǹkan náà wà.

Gbogbo ohun tí ó wà láyé ni ó ń tú ìtànṣán jáde: ara ènìyàn, ògiri, àní yìnyín pàápàá. Bí ó bá ṣe gbóná sí ni tirẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí. Josef Stefan ni ó kọ́kọ́ rí òfin rẹ̀ ní 1879, Ludwig Boltzmann sì ti ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1884: bí ìgbóná nǹkan lórí ìwọ̀n Kelvin bá di ìlọ́po méjì, ìtànṣán rẹ̀ yóò di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Èyí tí ó ń ti ara nǹkan tí kò gbóná ju yàrá wa lọ jáde pọ̀ jù ní ibi tí ìgbì rẹ̀ gùn tó ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù mítà kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí ń wò. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi gíláàsì ṣe ojú rẹ̀. Germanium ni wọ́n ń lò, nítorí pé gíláàsì lásán kì í jẹ́ kí irú ìtànṣán yẹn kọjá. Ẹni tí ó bá dúró sẹ́yìn fèrèsé onígíláàsì tí ó ń ya ọgbà ìta, fèrèsé ni ó ń yà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá ti ọwọ́ bọ inú báàgì ọ̀rá dúdú tín-ín-rín, ojú wa kò ní rí ọwọ́ náà, kámẹ́rà yóò sì rí i kedere.

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Ohun méjì tí ìgbóná wọn dọ́gba kì í tú iye ìtànṣán kan náà jáde. Ará Scotland kan, John Leslie, fi hàn ní 1804 pẹ̀lú àpótí irin onígun mẹ́rin tí ó rọ omi gbígbóná sí. Ó kun ojú kan ní dúdú, ó jẹ́ kí òmíràn máa dán. Omi kan náà ni, ìgbóná kan náà, ṣùgbọ́n ojú dúdú ń tú ìtànṣán jáde ju ojú dídán lọ fíìfíì. Ìkòkò ilé wa lè ṣe iṣẹ́ yìí: ìkòkò aluminiọ́mù tí ara rẹ̀ ń dán tí ìdí rẹ̀ sì ti dúdú fún èéfín igi. Bí a bá fi 1 ṣe ìwọ̀n ohun tí ń tú ìtànṣán jáde jù, ìdí dúdú yẹn yóò tó nǹkan bí 0.95, awọ ara ènìyàn tó nǹkan bí 0.98, ṣùgbọ́n aluminiọ́mù dídán lè má ju 0.05 lọ. Kí ni ó kù lára ìtànṣán tí ń ti ojú ibi dídán yẹn wá? Ti àwọn ẹlòmíràn ni. Ìtànṣán ògiri, ti òrùlé, ti ẹni tí ó di kámẹ́rà mú gan-an ni irin dídán ń dá padà bíi dígí. Ẹ rọ omi híhó sínú ìkòkò náà, kí ẹ kọjú kámẹ́rà sí ara rẹ̀ tí ń dán: yóò sọ fún yín láìtijú pé kò fi bẹ́ẹ̀ gbóná. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án o.

Ẹ rántí ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, tí wọ́n ń na ohun èlò bí ìbọn sí wa níwájú orí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́. Ìtànṣán kan náà ni ohun èlò yẹn ń kà. Awọ iwájú orí ni ó wò, kì í ṣe inú ara. Ẹni tí ó rin inú oòrùn dé àti ẹni tí ó jáde láti inú mọ́tò tí a ti fi ẹ̀rọ amúlétutù sí kò ní í gba iye kan náà, bí ibà kò tilẹ̀ ṣe ẹnì kan nínú wọn.

Tí a bá wá padà sórí ìfaragbora, ọ̀rọ̀ náà burú ju ti ìkòkò lọ. Kí ni irin méjì tí ń gbo ara wọn ń ṣe fún ara wọn? Wọ́n ń dán ara wọn ni! Ibi tí ooru ti ń jáde gan-an ni ó ń dán jù, ibi tí ó dán jù ni ó ń tú ìtànṣán jáde kéré jù, ibẹ̀ sì ni kámẹ́rà yóò ti fẹ́ sọ pé ó tutù. Ẹ wo àwo bíréèkì mọ́tò lẹ́yìn tí awakọ̀ ti lò ó dáadáa. Ojú tí bíréèkì ń gbo ń dán, àárín rẹ̀ tí ìpẹtà ti bò kò dán. Lójú àwòrán, ibi tí ó ti pẹtà lè máa tàn ju ojú ibi tí iṣẹ́ ti ṣẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ "ayàwòrán ooru" yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àárín àwo ni ooru ti wá, yóò sì fa ìlà sí i nídìí.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ibi tí ìfaragbora ti ń ṣẹlẹ̀ fara pamọ́. Àárín ohun méjì tí ó lẹ̀ mọ́ra ni, kámẹ́rà kò sì lè wọ ibẹ̀. Bí a bá wo irin dáadáa, kì í ṣe gbogbo ojú rẹ̀ ni ó ń kan ara wọn. Àwọn ṣóńṣó kéékèèké ni wọ́n ń kan ara wọn, fún ìṣẹ́jú tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Harmen Blok, ará Netherlands, ni ó ṣírò rẹ̀ ní 1937 pé ìgbóná orí àwọn ṣóńṣó wọ̀nyẹn lè ta sókè kọjá ti ìyókù irin náà lọ jìnnà, kí ó sì tún wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ fi ìtànṣán rí i ní tòótọ́ ní láti wá ohun tí ìtànṣán lè gbà kọjá. Ní àwọn ọdún 1970, Ward Winer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Georgia Tech ní Amẹ́ríkà lo àwo tí a fi òkúta sàfáyà ṣe. Wọ́n jẹ́ kí bọ́ọ̀lù irin gbo ara rẹ̀ lára àwo náà, wọ́n sì wo ibi ìfarakanra láti ẹ̀yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tí ó kàn gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́ kan tí ó wá ní òun ti wọn ìgbóná ìfaragbora, ẹ bi í léèrè bóyá ó ní sàfáyà.

Àṣefihàn kan tún wà tí àwọn olùkọ́ fẹ́ràn. Wọn yóò ní kí ọmọ fi àtẹ́lẹwọ́ gbo orí tábìlì, kámẹ́rà yóò sì fi ipa ọwọ́ hàn ní pupa, gbogbo kíláàsì yóò pàtẹ́wọ́: ẹ wo ooru ìfaragbora! Ṣé ó dá wọn lójú? Ọwọ́ ọmọ náà ti gbóná ju tábìlì lọ kí ó tó gbé e lé e. Bí ó bá kàn gbé ọwọ́ síbẹ̀ láìgbo ó, ipa ọwọ́ yóò hàn bákan náà. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe é bí ó ti yẹ yóò fi pákó tí ó ti wà nínú yàrá láti àná ṣe é dípò ọwọ́, yóò gbé pákó kan síbẹ̀ láìgbo ó, yóò gbo èkejì, yóò sì fi wọ́n wéra.

Àwọ̀ wá ńkọ́? Irọ́ dídára ni àwọ̀ wọ̀nyẹn. Kámẹ́rà ni ó ń yàn wọ́n, ó sì máa ń tún wọn yàn bí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ bá ti yí padà. Pupa inú àwòrán kan lè jẹ́ 30°C, pupa inú èkejì lè jẹ́ 300°C. Àwòrán tí a kò kọ ìwọ̀n sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ṣe ẹ̀rí.

Bí a bá tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí dáadáa, tí ìgbóná tí a rí sì jẹ́ òótọ́, a kò tíì wọn ooru. Mọ́tò tí ó wúwo tó 1,200 kg, tí ó ń sáré 100 km ní wákàtí kan, gbé agbára tí ó tó nǹkan bí 463,000 Joule sínú ìsáré rẹ̀. Bí bíréèkì bá dá a dúró, ooru ni ọ̀pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò dà, ó sì tó láti mú omi tí ó ju lítà kan lọ láti 20°C dé 100°C. Kámẹ́rà kò mọ bí àwo bíréèkì ti wúwo tó. Kò mọ irú irin tí wọ́n fi ṣe é. Kò mọ iye tí atẹ́gùn ti gbé lọ. Ènìyàn ni yóò wá gbogbo ìwọ̀nyẹn.

Àwọn kan yóò ní orúkọ lásán ni mò ń jà lé lórí, pé Gẹ̀ẹ́sì náà fi ooru sọ ọ́ lórúkọ, wọn kò sì kú. N óò dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú East Palestine, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 2023.

Ọkọ̀ ojú irin ilé iṣẹ́ Norfolk Southern ni, kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ jẹ́ 149. Bẹ́ríìnì ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kẹtàlélógún ti bàjẹ́, ó sì ń gbo ara rẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń sáré. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti ri ohun èlò mọ́lẹ̀ tí ń fi ìtànṣán ìsàlẹ̀-pupa wo bẹ́ríìnì kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń kọjá. Kì í ṣe kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kan náà ni ó ń kà, ojú irin náà ni ó sì ń wò. Ohun èlò àkọ́kọ́ ka ìwọ̀n 38 lórí Fahrenheit ju ti afẹ́fẹ́ àyíká lọ, èyí tí ó tó 21 lórí Celsius. Ní ìwọ̀n máìlì mẹ́wàá síwájú, ní ìlú Salem, èkejì ka 103, nǹkan bí 57 lórí Celsius. Òfin ilé iṣẹ́ náà nígbà náà ni pé ó di 170 kí awakọ̀ tó dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà awakọ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà lásán, irú èyí tí ń ṣọ́ ọgbà ilé iṣẹ́, ti rí iná lábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà ní Salem. Ó tún tó nǹkan bí ogún máìlì kí ọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ohun èlò kẹta. Èyí ka 253, ó sì figbe ta. Ó ti pẹ́ jù. Kẹ̀kẹ́ 38 yà kúrò lójú irin. Márùn-ún nínú wọn gbé vinyl chloride, ní ọjọ́ 6 oṣù náà ni wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ tú u jáde tí wọ́n sun ún, èéfín dúdú bo ojú ọ̀run, àwọn ará ìlú tí ó tó nǹkan bí 2,000 sì ní láti fi ilé wọn sílẹ̀.

Nígbà tí NTSB, àjọ tí ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, parí ìwádìí rẹ̀ ní 2024, ọ̀kan nínú ohun tí ó sọ ni pé irú ohun èlò yẹn máa ń ka ìgbóná tí ó kéré sí ti bẹ́ríìnì gan-an, tí ó sì ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹ tún un kà. Iná ti ń jó, ohun èlò ń ka 103. Ooru ń bẹ nínú lọ́hùn-ún, ojú ìta ni ẹ̀rọ ń wò. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ohun èlò náà túmọ̀ sí "awárí bẹ́ríìnì gbígbóná". N kò ní orúkọ ni ó pa ìlú náà lára. Mo ní ẹni tí ó bá ń rántí pé ìtànṣán ojú ìta ni nọ́ńbà rẹ̀ ti wá yóò fi ìṣọ́ra gbé òfin 170 kalẹ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti ṣe àṣìṣe tirẹ̀, kí ni ó kàn wá láti yá a lò? Àwa ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ó wá kan ẹ̀yin tí ẹ ní Yorùbá kò lè gbé físíìsì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ yìí títí dé ibi tí a dé yìí, ewo ni Yorùbá kọ̀ láti gbé? Mo yá germanium àti sàfáyà lò, bí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ti yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ Látìnì àti Gíríìkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 láti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ètò tí yóò jẹ́ kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025 ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ẹ̀yin tí inú yín dùn sí ìkéde yẹn, ẹ lọ bá ọmọ tí ó ti ka ìtumọ̀ friction sórí ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ bi í léèrè ìdí tí èlùbọ́ fi ń gbóná bí ó ti ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ padà wá sọ ohun tí ó wí fún mi.

Ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi là nítorí èyí. Ẹni tí ó fún ẹ̀rọ ní orúkọ láìmọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ń fi ohun ìjà lé ọ̀tá èdè wa lọ́wọ́. Kámẹ́rà ìtànṣán, ó tó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí ó gùn, kámẹ́rà ìtànṣán ìsàlẹ̀-pupa. Àwòrán rẹ̀ ni àwòrán ìtànṣán, nọ́ńbà tí ó bá kọ sí i ni ìgbóná ojú. Ooru, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ti wọn omi, tí ó wọn irin, tí ó sì wo aago. Ẹ̀yin olùkọ́ tí kámẹ́rà yìí bá sì bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ lẹ téèpù dúdú àwọn oníná mọ́ ẹ̀gbẹ́ irin tí ń dán, ní ìtòsí ibi tí ó ti ń gbo, kí ẹ fi tẹmómítà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ka ti orí téèpù, ẹ ka ti orí irin, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí bí méjèèjì ti jìnnà síra tó.

Láti òní lọ, ẹni tí ó bá fi àròkọ ránṣẹ́ sí mi tí "ayàwòrán ooru" wà nínú rẹ̀ yóò gbà á padà pẹ̀lú ìbéèrè kan tí mo fi yíǹkì pupa kọ sí etí ìwé: Joule mélòó?